Fíríwíìlì kẹ̀kẹ́: Irin kékeré tó ń gbé àgbẹ̀ dé oko, tó sì lè dá a lulẹ̀ lórí òkè

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá fíríwíìlì kẹ̀kẹ́ mu wẹ́kú. Irin roboto tó ní eyín yíká ni, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹnu agolo mílíìkì lọ. Ara wíìlì ẹ̀yìn ló máa ń wà, ṣéènì sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà èwe wọn kò fi tíì wò ó lójú dáadáa rí. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń gba agbára ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ṣéènì, tó ń gbé e fún wíìlì. Òun náà ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lọ́jọ́ tó bá kọṣẹ́, ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn yóò kàn rí i pé ẹsẹ̀ òun já sófo, kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti dé ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tó yẹ kí a tún padà sọ fún àwọn tó ń gbé ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà àti Ìrókò ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, dé Lálúpọn àti Ejíòkú ní Lágelú, dé Ẹgbẹ́dá àti Ẹ̀rúnmu, títí lọ kan Àkànrán àti Ajíà ní Ọ̀nà-Àrà. Ìdí rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo tí lítà kan rẹ̀ kò tó N200 tẹ́lẹ̀ fò kọjá N500 lọ́pọ̀ ilé epo láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti rìn dé nǹkan bíi N1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Nígbà tí epo bá wọ́n, owó ọ̀kadà náà á wọ́n, èyí tí àgbẹ̀ yóò sì san láti gbé ẹrù rẹ̀ dé ọjà lè mú èrè ẹrù náà lọ.

Ní irú àsìkò báyìí, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ àfẹsẹ̀wà tó ti gbé ti ògiri láti ọdún pípẹ́ kò ṣẹ̀ bó bá ní kí òun gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo, kì í béèrè owó ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tó ti dúró sójú kan fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń gùn lọ sí oko láìyẹ̀ ẹ́ wò. Táyà àti bíréèkì ni ojú gbogbo ayé máa ń lọ sí. Fíríwíìlì ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa

Àwọn àgbàlagbà mọ̀ pé nígbà tí kòkó ń mówó wọlé, kẹ̀kẹ́ wà lára ohun àkọ́kọ́ tí àgbẹ̀ tó bá rí owó ń rà. Raleigh, Hercules àti BSA, tí gbogbo wọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ni orúkọ tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ Raleigh ní ibi tí wọ́n ti ń to kẹ̀kẹ́ ní ìlú Kánò. Kẹ̀kẹ́ àwọn ará Íńdíà bíi Hero, àti ti àwọn ará Ṣáínà bíi Phoenix àti Flying Pigeon, náà tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́mu fi ń gbé kèrègbè àti kẹ́ẹ̀gì, ọdẹ fi ń lọ sí ìgbẹ́, olùkọ́ fi ń lọ sí ilé-ìwé, àgbẹ̀ sì fi ń gbé kòkó lọ sí ibi ìwọ̀n. Ní irú agbègbè bíi Àkànrán, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ mọ́ ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí mọ́tò kò lè gbà ni kẹ̀kẹ́ ń gbà.

Ọ̀kadà ló gba ipò náà nígbà tó yá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Kẹ̀kẹ́ Márúwá dé, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára Búbà Márúwá tó jẹ́ gómìnà ológun ní ìpínlẹ̀ Èkó láàárín 1996 sí 1999. Ní òní, bí ẹ bá ní kí ọmọdé lọ bá yín pe kẹ̀kẹ́ wá, Márúwá ni yóò lọ pè. Bí orúkọ náà ṣe ń kúrò lára kẹ̀kẹ́ àfẹsẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n àtitọ́jú rẹ̀ ń kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Kí ni fíríwíìlì ń ṣe gan-an?

Kẹ̀kẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kò ní fíríwíìlì. Bí wíìlì bá ṣe ń yí ni pẹ́dà ń yí, ì báà jẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yóò máa sáré ẹsẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, tàbí kí ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí ó sì máa gbàdúrà. Ní ọdún 1869, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Van Anden gba ìwé àṣẹ lórí ohun èlò tó lè jẹ́ kí wíìlì máa yí nígbà tí ẹsẹ̀ bá dúró. Ó tó bíi ọgbọ̀n ọdún sí i kí ohun èlò náà tó tàn kálẹ̀ lára kẹ̀kẹ́. Shozaburo Shimano, tó dá ilé-iṣẹ́ Shimano sílẹ̀ ní ìlú Sakai ní Japan ní ọdún 1921, fíríwíìlì ni ọjà àkọ́kọ́ tí òun náà ṣe. Ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ti di ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù lọ lágbàáyé nídìí ohun èlò kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ irin kékeré yìí ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá tú fíríwíìlì, ohun mẹ́ta pàtàkì ni ẹ ó bá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òrùka òde tó ní eyín tí ṣéènì ń gùn. Inú òrùka yìí náà ní eyín kéékèèké tó dà bíi ti ayùn. Èkejì ni irin àárín tí wọ́n lọ́ mọ́ họ́ọ̀bù wíìlì. Ẹ̀kẹta ni irin pẹlẹbẹ kéékèèké, tó sábà máa ń jẹ́ méjì, tó rí bí èékánná, tí sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ ń tì síta. Nígbà tí ẹ bá wa pẹ́dà síwájú, èékánná wọ̀nyí á há mọ́ eyín inú, wíìlì á sì yí. Nígbà tí ẹ bá dá ẹsẹ̀ dúró, èékánná á máa fò kọjá lórí eyín náà, ìyẹn ló ń fa ariwo kẹ-kẹ-kẹ-kẹ tí gbogbo wa mọ̀. Bọ́ọ̀lù kéékèèké ló wà láàárín òrùka òde àti irin àárín kí wọ́n má baà máa ha ara wọn.

Ẹ ó rí i pé gbogbo ẹrù, gbogbo ara ẹni tó ń gùn ún, àti gbogbo òkè tó wà láàárín oko àti ọjà, orí èékánná méjì tí kò tó ìka ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n dúró lé. Bí ẹrẹ̀ tàbí gíríìsì tó ti gan bá mú èékánná náà mọ́lẹ̀ tí sípíríǹgì kò lè tì í síta mọ́, kò ní há. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ tán, ó lè há díẹ̀ kí ó tún yọ̀. Èyí tó ń yọ̀ lójijì yìí ló burú jù, nítorí pé ìgbà tí ẹni tó ń gùn ún bá dìde dúró lórí pẹ́dà láti fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ ló máa ń yọ̀. Ẹni náà á fi àyà lu ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tàbí kí ó fi abẹ́ bá irin. Fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, egungun ìbàdí tó bá ṣẹ́ kì í tètè jinná.

Bí a ṣe ń yan fíríwíìlì

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò ni tíréèdì rẹ̀, ìyẹn ojú ìlọ́ tó fi ń wọ ara họ́ọ̀bù. Tíréèdì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ tó wà nílẹ̀ wa, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì 1.37, ìlọ́ 24 ló sì wà nínú íńṣì kan. Ti àwọn Faransé sún mọ́ ọn ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára lọ́ èyí tí kò bá ṣe é wọ̀. Fíríwíìlì tó bá bá họ́ọ̀bù mu yóò fi ọwọ́ lásán wọlé ní ìlọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́. Bó bá ti ń le láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un wọ̀. Tíréèdì họ́ọ̀bù tó bá ti bàjẹ́ lè sọ gbogbo wíìlì di ohun ìsọnù. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ tú ti àtijọ́, kí ẹ sì mú un dání lọ sí ọjà.

Ohun kejì ni iye eyín. Eyín 16, 18, 20 àti 22 ni ẹ lè bá pàdé. Bí eyín bá ṣe kéré sí i ni kẹ̀kẹ́ ń yá sí i, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa le fún ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ mú kẹ̀kẹ́ tí wíìlì rẹ̀ jẹ́ íńṣì 28, tí irin eléyín iwájú rẹ̀ ní eyín 48. Bí fíríwíìlì rẹ̀ bá ní eyín 18, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí pẹ́dà bá yí po ní ẹ̀ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á rìn tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 19 àti ààbọ̀. Bó bá jẹ́ eyín 20, á rìn tó 17 àti ààbọ̀. Bó bá jẹ́ 22, á rìn tó 16. Ẹni tó ń gun ojú ọ̀nà ọ̀dà tó tẹ́jú láìru ẹrù lè lo 18. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba ọ̀nà oko tó ní òkè àti iyanrìn, 20 tàbí 22 ni kí ó rà. Bí ó bá kúrò ní 18 bọ́ sí 22, agbára tí ẹsẹ̀ yóò lò lórí òkè kan náà yóò dín ní ohun tó sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Kò ní yá tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ orúnkún á dúpẹ́. Ẹ rántí pé eyín tó bá fi mẹ́rin lé sí i lè mú kí ṣéènì kúrú. Ó lè gba pé kí wọ́n fa wíìlì síwájú díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ojú ṣéènì méjì kún un.

Ohun kẹta ni fífẹ̀ ṣéènì. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ àtijọ́ fẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tó ní gíà lọ́pọ̀ lọ. Bí eyín fíríwíìlì bá nípọn ju àyè inú ṣéènì lọ, kò ní jókòó dáadáa. Ẹ fi ṣéènì yín wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó.

Ohun kẹrin ni kí ẹ dán an wò lọ́wọ́. Ẹ di irin àárín mú, kí ẹ sì yí òrùka òde sẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó sì máa dún ní ìwọ̀n kan náà yíká. Bó bá dé ibì kan tó dákẹ́ tàbí tó há, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i síwájú. Ó gbọ́dọ̀ há lójú ẹsẹ̀, níbikíbi tí ẹ bá ti dán an wò. Ẹ dán an wò ní ibi mẹ́wàá, kì í ṣe ibì kan. Bó bá ń mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì nígbà tó ń yí, kí ẹ̀rù má bà yín, ọ̀pọ̀ fíríwíìlì tuntun ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń jó jìgìjìgì ni kí ẹ sá fún.

Ẹ̀kọ́ lára àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ fò

Àwọn kan wà ní òkè òkun tí fíríwíìlì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú fún. Àwọn ni àwọn tó ń ṣe eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní trials. Orílẹ̀-èdè Spéènì ni eré yìí ti fìdí múlẹ̀, wọ́n mú un jáde láti inú irú eré bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fi alùpùpù ṣe. Ẹni tó ń ṣe é yóò gun kẹ̀kẹ́ kọjá lórí àpáta, igi gẹdú àti ògiri láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Láti ojú kan ni yóò ti fò láti orí òkúta kan dé èkejì. Ní ọdún 2009, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Danny MacAskill, di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà tí fọ́nrán eré irú èyí tó ṣe ní ìlú Edinburgh tàn kálẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ fò láti ojú kan kò fẹ́ kí pẹ́dà rìn lófo rárá kí wíìlì tó dáhùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ra fíríwíìlì tí ibi tó lè há sí nínú rẹ̀ pọ̀ tó 72 tàbí 108 nínú ìyípo kan. Bí ibi tó lè há sí bá jẹ́ 18 péré, pẹ́dà lè rìn lófo tó ìdá kan nínú 18 ìyípo kí ó tó mú nǹkan. Bó bá jẹ́ 108, ẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó rìn. Ẹ lè ka ti kẹ̀kẹ́ tiyín náà. Ẹ di wíìlì mú, ẹ fi ẹfun sàmì sí eyín kan, ẹ yí fíríwíìlì sẹ́yìn yípo kan, kí ẹ sì ka iye ìgbà tó dún.

Ṣé ó wá yẹ kí àgbẹ̀ wá èyí tó ń dún ní ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ? Rárá o. Kí eyín inú lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kéré gan-an, ẹnu èékánná náà yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́. Iyanrìn díẹ̀ tàbí gíríìsì tó nípọn ti tó láti má jẹ́ kí ó há tán. Owó rẹ̀ ga, ìtọ́jú rẹ̀ sì pọ̀. Eyín ńláńlá tí kò pọ̀, tí èékánná rẹ̀ nípọn, ló lè fara da ẹrẹ̀ oko. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí àgbẹ̀ kọ́ lára àwọn eléré wọ̀nyí: fíríwíìlì tó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọn kì í tún gùn ún títí wọ́n fi máa tú u wò tàbí pààrọ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń ní "ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀", á sì máa gùn ún lọ.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba owó

Ọ̀tá fíríwíìlì pọ̀, ṣùgbọ́n omi, iyanrìn àti epo tí kò yẹ ló burú jù. Ní àsìkò òjò, ẹrẹ̀ á wọ ibi tó ṣí sílẹ̀ láàárín òrùka òde àti irin àárín. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku á wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá sì gbé kẹ̀kẹ́ wọ odò láti fọ̀ ọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da iyanrìn sí i ni.

Ọ̀pọ̀ máa ń fi epo pupa sí i nítorí pé òun ló wà nílé. Kò dára. Epo pupa máa ń dì nígbà òtútù ọyẹ́, ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di àtè tó mú èékánná mọ́lẹ̀. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà nù láti inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà kò dára, nítorí ó kún fún ìdọ̀tí àti eruku irin. Gíríìsì dára fún họ́ọ̀bù àti fún pẹ́dà, àmọ́ kò yẹ fún èékánná fíríwíìlì, nítorí ó nípọn jù. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn aránṣọ ń fi sí ẹ̀rọ ìránṣọ ló bá a mu. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tuntun díẹ̀ ti tó.

Bí ẹ ó ṣe fọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ yọ wíìlì ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí fíríwíìlì kọjú sókè. Ẹ fi aṣọ nu ìta rẹ̀ mọ́. Ẹ kán epo kẹrosíìnì díẹ̀díẹ̀ sí àlàfo tóóró tó wà láàárín apá tó ń yí àti èyí tí kì í yí, kí ẹ sì máa yí i sẹ́yìn. Omi dúdú yóò jáde lábẹ́. Ẹ gbé wíìlì dúró kí ó ro nù, kí ẹ tún un ṣe títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ kán ọ́ìlì sí i, ẹ̀kán márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù sí ìta kúrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì kan ibi tí bíréèkì ti ń di wíìlì mú, kí ẹ sì jìnnà sí iná ìdáná. Bí ẹ bá ṣe èyí nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá dá, tí ẹ sì ń kán ọ́ìlì sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín rẹ̀, ó lè bá yín pẹ́ gan-an.

Ṣéènì náà kò ṣeé fojú fò dá. Ṣéènì tó ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ yóò máa jẹ eyín fíríwíìlì. Rúlà ọmọ ilé-ìwé ti tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹ fa ṣéènì le, kí ẹ sì wọn ojú 24, láti àárín ìṣó kan dé àárín ìkejì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 12 géérégé. Bó bá ti fi ìdá kan nínú 16 íńṣì lé, ẹ pààrọ̀ ṣéènì nìkan. Bó bá ti fi ìdá kan nínú 8 lé, ó ṣeé ṣe kó ti ba fíríwíìlì jẹ́, àwọn méjèèjì ni ẹ máa pààrọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá fi ṣéènì tuntun sórí eyín tó ti jẹ, tó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ṣéènì náà á máa fò, owó rẹ̀ á sì ṣòfò.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù àti ṣísẹ́lì tú u

Láti yọ fíríwíìlì, irin pàtàkì kan wà tó ní eyín méjì tó ń wọ ojú méjì tó wà lára irin àárín. Wọ́n á fi nọ́ọ̀tì wíìlì dì í mú díẹ̀ kí ó má baà yọ, wọ́n á fi irin náà há inú fáìsì, wọ́n á sì fi ọwọ́ méjèèjì yí gbogbo wíìlì sí apá òsì bí ẹni ń yí ọwọ́ mọ́tò. Bó bá ti tú díẹ̀, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì náà kí wọ́n tó máa bá a lọ. Ó máa ń le gan-an, torí pé gbogbo ìgbà tí ẹ ń wa kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ yín ń lọ́ ọ wọlé sí i. Kí wọ́n tó fi tuntun sí i, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi gíríìsì díẹ̀ pa tíréèdì họ́ọ̀bù, kí ó lè ṣeé yọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ọ̀tọ̀ ni yíyọ ọ́ kúrò lára wíìlì, ọ̀tọ̀ sì ni títú inú rẹ̀. Ìdérí tó wà lójú rẹ̀, tó ní ihò kéékèèké méjì, apá ọ̀tún ni wọ́n ń yí i sí láti tú u, òdìkejì ohun tí ọwọ́ mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ti ń fi ṣísẹ́lì fọ́ ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ṣí i tán láìmúra, bọ́ọ̀lù kéékèèké inú rẹ̀ á dà sílẹ̀, wọ́n á fọ́n sínú iyanrìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i gbọ́dọ̀ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kí ó sì ka bọ́ọ̀lù náà. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bébà tó wà lábẹ́ ìdérí náà kò gbọ́dọ̀ sọnù, òun ló ń díwọ̀n bí yóò ṣe le tó. Fún ẹni tí kò bá ṣe é rí, fífọ̀ láìtú ló sàn jù.

Àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ oníbíréèkì ẹsẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń wà sẹ́yìn láti dá a dúró, tàbí èyí tó ní gíà mẹ́ta nínú họ́ọ̀bù, kí wọ́n mọ̀ pé ti wọn yàtọ̀. Inú họ́ọ̀bù ni iṣẹ́ fíríwíìlì wọn wà, irin eléyín ìta rẹ̀ kì í ṣe fíríwíìlì. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù lu ú pé òun ń wá a.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gùn ún

Kí kẹ̀kẹ́ tó ti pẹ́ nílé tó jáde, àyẹ̀wò kan wà tí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ẹ di bíréèkì méjèèjì mú ṣinṣin, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé pẹ́dà tó wà níwájú, kí ẹ sì fi agbára tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa gba ìwọ̀n ara yín. Ẹ tú bíréèkì, ẹ sún kẹ̀kẹ́ síwájú díẹ̀, kí ẹ tún un tẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Bí pẹ́dà bá já sófo tàbí tó bá dún kọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má gùn ún. Ẹ fọ fíríwíìlì náà, kí ẹ tún un dán wò. Bó bá tún yọ̀, ó ti di pípààrọ̀ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni pẹ́dà ń bá wíìlì yí nígbà tí ẹ bá ń sún kẹ̀kẹ́ lọ, ìpata ti mú un tàbí ìdọ̀tí ti há a. Ẹni tó bá gun irú rẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ́dà lè gbá a lẹ́sẹ̀, ṣéènì sì lè fa ṣòkòtò rẹ̀ wọlé.

Èyí tó tún yẹ kí àwọn ìdílé rò ni ti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí. Àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó kọ́ iṣẹ́ nígbà ayé Raleigh ti ń dàgbà, àwọn ọmọ tó yẹ kó kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn sì ti gba ìdí ọ̀kadà àti Márúwá lọ. Bàbá tó bá ní fíríwíìlì àtijọ́ tí kò wúlò mọ́, kí ó má sọ ọ́ nù. Kí ó pe ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó, kí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kí wọ́n jọ ṣí i, kí ọmọ náà fi ojú ara rẹ̀ rí èékánná àti sípíríǹgì inú rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ bàbá bá ń dún lódì, ẹni tí yóò gbọ́ ọ yóò ti wà nílé.